Agbádá Bébà Tí A Kì Í Wọ̀ Jókòó

Ọkùnrin kan wà, télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì gùn débi pé tó bá dúró, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ẹ fi ìrísí rẹ̀ yìí sọ́kàn, ó máa wúlò fún wa níwájú.

Kì í ṣe aṣọ tó ń rán ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń tú sílẹ̀ ni. Bí òbí kan ní ìlú náà bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń mú un lọ, torí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìdánwò rẹ̀ le. Inú àwọn òbí máa ń dùn sí ìdánwò tó le. Wọn kì í béèrè ohun tó fi le.

Ìdánwò náà nìyí. Ọmọ tó bá fẹ́ gba òmìnira á wá bébà àpò sìmẹ́ńtì, á gbọn eruku rẹ̀ dànù, á sì fi rán agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, láìjẹ́ kí ibì kankan ya. Bébà kì í dárí ji èèyàn. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti lu, ó ti lu ún nìyẹn. Àwọn ọmọ náà á di èémí mú, wọ́n á máa tẹ máṣíìnì jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́: èjìká, apá, ọrùn, ìbàdí, gígùn ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó yàn án. Òun ló kàn wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ nílò ìwọ̀n. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún ṣọ́ọ̀kì náà tẹ̀ kó má bàa parẹ́.

Lọ́jọ́ òmìnira, ọmọ náà á gbé agbádá bébà rẹ̀ wọ̀, á rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹta níwájú adájọ́ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ télọ̀ àgbà. Bébà á máa dún, ìyá rẹ̀ á máa nu ojú. Bí kò bá ti ya, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ọ̀gá á gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bọ́ agbádá náà lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni tíì jókòó nínú rẹ̀ rí.

Nǹkan kan wà ní ìlú náà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ ló ń ká apá aṣọ wọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣòkòtò wọn ń wọ́ nílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì ń fún wọn mọ́ra. Àlejò á rò pé bí wọ́n ṣe ń múra níbẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni gbogbo ìlú ń bá wọ aṣọ rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọdún mẹ́ta kọ́, ọdún méjì ló fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ òmìnira rẹ̀, iṣẹ́ ọnà òwú pupa wà lọ́rùn agbádá rẹ̀. Lórí bébà o! Adájọ́ kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ọmọ yìí," ló wí, "ṣé ọwọ́ lo fi rán an ni, àbí èémí?"

Ọ̀gá dìde. Ó gbé agbádá Ìbídùn kọ́ sí àárín ògiri, ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀ gan-an, èyí tí òun náà fi gba òmìnira ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Lọ́dún yẹn kan náà, fóònù ọ̀gá dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti tú sílẹ̀ ló ń pè láti ìlú ńlá, níbi tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa aṣọ.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọmọ mi! Báwo ni ibẹ̀?"

"Ó le o, ọ̀gá. Wọ́n fún wa ní ìwọ̀n obìnrin kan tí a ò rí rí. Wọ́n ní ká gé aṣọ rẹ̀, ká sì ṣàlàyé ìdí tá a fi gé e bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bó ṣe wà lára ògiri nìyẹn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, ògiri wo?"

Ọ̀gá bínú sí àwọn olùkọ́ náà. Ó ní àwọn oníwèé ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì padà sídìí máṣíìnì.

Ìyá Ìbídùn gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún ọmọ rẹ̀ ní ìkóríta. Ìbídùn gbálẹ̀, ó kọ́ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sókè, ó jókòó. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá náà kúrú, ó yọkùn, èjìká òsì rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ nítorí irin tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé. Ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi aṣọ náà ránṣẹ́, aláwọ̀ ewé tó ń dán, irú èyí tí wọn kò ní rí rà mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé wàá lè ṣe é?"

Ìbídùn na ìka sí ìwé-ẹ̀rí.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Fara balẹ̀ gé e o. Aṣọ yìí ò ní àbúrò."

Ìbídùn mú téèpù. Ó wo bàbá náà láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́, kò tíì wọn èèyàn kankan rí. Ó fi téèpù yí ikùn bàbá ká, nọ́ńbà tó rí níbẹ̀ kò jọ èyíkéyìí tó mọ̀. Ó rò pé òun ló fi téèpù sí ibi tí kò yẹ. Ojú ń tì í láti tún un wọ̀n. Ó kúkú fi àwọn nọ́ńbà tó mọ̀ gé e, ó fi ínṣì kan lé e torí ikùn.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Bàbá ká apá aṣọ sókè, ó fa ṣòkòtò sókè, ó jáde síwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí àlùfáà fi ní kó kúnlẹ̀ gba àdúrà. Bàbá kúnlẹ̀.

Fàà!

Ìró náà dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Bàbá fi agbádá bo ara, kò sì dìde títí wọ́n fi kọ orin mẹ́ta tán. Àlùfáà rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, ó tún gbàdúrà sí i.

Bàbá fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìlú rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń pe ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn ní Ṣọ́ọ̀bù Fàà. Oṣù kan kọjá, kò sí oníbàárà. Nínú oṣù kejì, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ní kó gbàgbé abẹ́rẹ́, kó wá nǹkan mìíràn máa tà. Iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tí òun ṣe, torí gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn kan dé etí ọ̀gá. Wọ́n ní Ìbídùn ti padà lọ kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń tún aṣọ ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni. Obìnrin yìí kò ní ìwé-ẹ̀rí, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kan ló ní, àti àpótí ìjókòó méjì, lábẹ́ igi ọsàn kan.

Ọ̀gá dé fìlà, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ tán kó tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná.

Bí Ìbídùn ṣe rí i, ó kúnlẹ̀. Obìnrin náà dìde díẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Kí lo fẹ́ dúpẹ́ fún?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ mi, sà. Gbogbo aṣọ tí ẹ rí nílẹ̀ yìí, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ló ti wá. Apá aṣọ tí mò ń gé kúrò ló ń rán ọmọ mi lọ sí girama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ máa tú wọn sílẹ̀."

Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́yìn pa ẹ̀rọ ìfárí rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ẹni tó ń fárí fún náà kò bínú. Òun pẹ̀lú ń gbọ́.

Ọ̀gá yíjú sí Ìbídùn. "Ìwọ! Ìwọ tí agbádá rẹ wà láàárín ògiri mi! Kí lo ń wá níbí?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èèyàn ni mo ń wá."

"Èèyàn báwo?"

"Ẹni tí màá wọ̀n, sà."

Ọ̀gá wá rí i pé ẹnì kan wà lórí àpótí kejì. Bàbá rélùwéè ni, ó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé tó ti ya náà lé itan. Ó juwọ́ sí ọ̀gá bí ẹni tó pàdé rẹ̀ níbi ìkómọ. Obìnrin náà na téèpù sí ọ̀gá.

"Ẹ bá wa wọn bàbá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Ọ̀gá gba téèpù. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n. Ó ní kí bàbá dìde, kó mí síta, kó má fa ikùn mọ́ra bí ọkùnrin tó ń lọ rí àna. Ó wọn èjìká òsì lọ́tọ̀, ó wọn ti ọ̀tún lọ́tọ̀. Ó ní kí bàbá jókòó, ó tún ìbàdí wọ̀n lórí ìjókòó, torí ikùn ẹni tó jókòó yàtọ̀ sí ikùn ẹni tó dúró. Ó fi ínṣì méjì kún ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìronú.

Ìbídùn la ẹnu sílẹ̀. "Ọ̀gá, níbo lẹ ti kọ́ eléyìí?"

"Èwo?"

"Pé kéèyàn tún un wọ̀n lórí ìjókòó."

Ọ̀gá fẹ́ sọ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó rántí ọdún tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí olùkọ́ kan tó rán ṣòkòtò fún, tó fi odindi sáà ẹ̀kọ́ kan kọ́ni lóòró torí kò lè jókòó. Ó rántí ọkọ ìyàwó tó wọlé tọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó mú apá aṣọ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ara irú àwọn wọ̀nyẹn ló ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ló jìyà, òun ló gbọ́n. Òmìnira rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di télọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ wa?" Ìbídùn kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọ̀gá wo téèpù ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí nínú ìdánwò," ló wí.

Bó ṣe sọ ọ́ tán, etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Bàbá rélùwéè wúkọ́. "Ikùn mi náà ò sí nínú ìdánwò," ló wí. "Àmọ́ ó wà nínú ṣòkòtò."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá pe ìpàdé. Àwọn òbí wá, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira tẹ́lẹ̀ náà wá. Ọmọ mẹ́rin ló yẹ kó gba òmìnira lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá dìde, ó ní òun fẹ́ yí ìdánwò padà. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán tí ariwo fi sọ.

Ìyá kan ní, "Ọ̀gá, a ti pe àlejò! Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Kàdúná!"

Bàbá kan ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di yẹpẹrẹ ni? Bébà yẹn le. A fẹ́ kó le bẹ́ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti jáde dìde, ó na ìka sógiri. "Ìkẹtàlá yẹn, tèmi ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi rán an, mi ò sùn dáadáa. Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún wa pé lásán ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀gá. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún, ó sì sọ agbádá bébà tó wà lókè pátápátá kalẹ̀, tirẹ̀, ti ogójì ọdún. Ó fẹ́ eruku kúrò lórí rẹ̀. Ó gbé e wọ̀ lórí aṣọ ọrùn rẹ̀, bùbá, ṣòkòtò àti agbádá, ó ń dún bí ewé gbígbẹ.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ èèyàn kúkúrú tó sanra. Ìwọ̀n ti ẹni yẹn ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, apá bùbá dé ìgúnpá ọ̀gá, kò kọjá ibẹ̀. Ṣòkòtò dúró sí orúnkún. Ìbàdí rẹ̀ sì lè gba èèyàn méjì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ wò mí dáadáa," ni ọ̀gá wí. "Ìwọ̀n ta nìyí?"

Adájọ́ tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín. "Ti olóògbé ọ̀gá rẹ ni. Mo mọ ikùn yẹn."

"Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ bébà la fi rán an?"

"Kò mà sí aṣọ nígbà yẹn. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, aṣọ wọ́n bí ojú. Olóògbé ní ká ṣì máa fi bébà dọ́gbọ́n sí i títí aṣọ fi máa dé."

"Ìgbà wo wá ni aṣọ dé?"

Adájọ́ náà ronú díẹ̀. "Ọdún tó tẹ̀lé e ni."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ṣì ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀gá fa àga kan mọ́ra.

"Mo fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí nínú àgbàlá yìí," ló wí. Ó jókòó.

Fàà!

Ó ya láti ìdí dé ẹ̀yìn ọrùn. Bàbá rélùwéè, tí ẹnikẹ́ni ò pè, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Télọ̀, o kú oríire o! Ó ku kí o kúnlẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún ọ."

Ẹ̀rín gba àgbàlá kan. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ẹni tó ni agbádá kẹtàlá.

"Kì í ṣe lásán, ọmọ mi. Bébà kọ́ mi ní sùúrù. Òun ló kọ́ mi pé kí n ronú kí n tó gún nǹkan. Àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ṣì máa rán bébà. Àmọ́ ibi tó yẹ ká ti máa bẹ̀rẹ̀ la sọ di ibi tá a ti ń parí. Èmi ni mo jẹ̀bi, ìwọ kọ́."

Ó mú àkísà tútù, ó nu ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò lára ògiri níwájú gbogbo wọn. Ó sì sọ bó ṣe máa rí. Láti ìsinsìnyí lọ, adájọ́ á pe èèyàn wọlé láti ojú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ń kọjá, kúkúrú ni o, gíga ni o, aboyún ni o. Ọmọ náà á wọ̀n ọ́n, á fi aṣọ gidi rán tirẹ̀. Ẹni náà á wọ̀ ọ́, á jókòó, á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn. Wọ́n á bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi gé e bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ògiri. Ó ku ohun kan, èyí sì yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á mú oníbàárà tó ń bínú wá bá a, á tu onítọ̀hún nínú, á tún aṣọ rẹ̀ ṣe lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ẹni tí kò rí rí, kó gé aṣọ rẹ̀ kó sì ṣàlàyé. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ lè ṣe méjèèjì.

"A sì nílò adájọ́ kẹrin," ni ọ̀gá wí. Ó dárúkọ obìnrin tó ń tún aṣọ ṣe.

Obìnrin náà káwọ́ mọ́rí. "Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa iṣẹ́ mi!" ló wí. "Ó dáa, màá wá."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Nínú ọmọ mẹ́rin yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló yege lóṣù tó tẹ̀lé e. Ìyá tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Kàdúná se ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ́, ọmọ kò gba òmìnira. Ìyá náà kò kí ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ yege. Ó tún se ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n tún wá, ẹ̀gbọ́n sì ní bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ náà ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kẹta, òun ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kí n sọ fún yín. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú ọmọ mẹ́rin náà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ìbídùn ni. Ọ̀gá ti sọ fún un pé kò pọn dandan, ó ti ní ìwé-ẹ̀rí. Ó ní òun fẹ́. Ó sọ ìwé-ẹ̀rí náà kalẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn adájọ́, ó ní bí aṣọ òun bá ya, kí wọ́n mú un lọ, òun á lọ máa ta nǹkan mìíràn bí ìyá òun ṣe wí.

Bàbá rélùwéè ló wọ aṣọ náà. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ni, èyí tí kò ní àbúrò. Ìbídùn ti tú gbogbo rẹ̀, ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé mìíràn tó dúdú díẹ̀ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti abíyá dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ rán an látilẹ̀ nìyẹn. Èjìká méjèèjì dọ́gba. Apá aṣọ dé ọrùn ọwọ́, ó dúró síbẹ̀.

"Kí ló dé tí èjìká yìí fi ga ju ìkejì lọ nínú aṣọ?" ni adájọ́ kan bi í.

"Kó lè dọ́gba lára bàbá ni, sà."

Bàbá jókòó. Ó dìde. Ó na ọwọ́ sókè, ó ká ọsàn tí kò sí níbẹ̀, ó bó o, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló rọra kúnlẹ̀. Ìyá Ìbídùn di ojú. Bàbá dúró sórí ìkúnlẹ̀, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá!"

"Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìdí lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ọgọ́rin ọdún, ó ń mì í sọ́tùn-ún, ó ń mì í sósì. Kò sí ìró kankan àfi ti ẹ̀rín. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ogójì ọdún tó mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó gbé ìwé-ẹ̀rí náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Ìbídùn.

Ìbídùn ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Àwọn ọmọdé kò yéé pè é ní Ṣọ́ọ̀bù Fàà, òun náà kò bá wọn jà. Ó ní kí ẹni tó ń kọ pátákó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ilé. Láti ìlú kejì ni wọ́n ti ń wá a.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí wọ́n pè láti wá sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó jáde ìwé mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yín la ti ń sọ bọ̀. Ẹ̀yin náà ní ògiri. Ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án, máàkì báyìí, ọdún mẹ́fà. Ìwọ̀n ta ni? Ẹ wádìí. Bóyá ọmọ kan ni tó wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ nílò ìwọ̀n, tó fẹ́ di akọ̀wé nígbà tí iṣẹ́ akọ̀wé pọ̀. Ọmọ yẹn ti fẹ̀yìn tì báyìí.

Ọmọ tiyín gba máàkì tó ga nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò lè kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ó ya àwòrán òdòdó, ó dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kò tíì gbin ohunkóhun kó hù. Ó wọ yunifásítì, wọ́n bi í pé kí ló dé, ojú rẹ̀ ń wá ògiri. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ìbídùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ẹ bi í ló dáhùn.

Ẹ má sọ ìwé nù. Ẹ jẹ́ kí bébà wà níbi tó ti wúlò. Àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ẹ mú èèyàn gidi wá síwájú ọmọ náà. Kó ṣe iṣẹ́ kan fún onítọ̀hún dé òpin. Kó sọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí inú onítọ̀hún ò bá dùn, kó tún un ṣe. Ẹni tó ń lọ síwájú nínú ẹ̀kọ́ nílò rẹ̀, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ nílò rẹ̀. Àwọn kan máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àlejò máa kùn. Ẹ tún ìrẹsì sè.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá sì gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, tó ń rìn yí yín ká, tí ọwọ́ yín ti ń yún yín láti pàtẹ́wọ́, ẹ dúró ná. Ẹ fún un ní àga. Ẹ ní kó kọ́kọ́ jókòó.